Àìsàn Ilẹ̀kùn Ọkàn àti Àwọn Èròjà Inú Ẹ̀jẹ̀ Wa: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Ará Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Ta ni ìwé yìí wà fún?

A kọ ọ́ fún ẹni tí dókítà ti sọ fún pé ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ ní àìsàn, àti fún àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé, yálà ní Ọ̀wọ̀, Ìpèlé, Ùṣò, Ìfọ́n, Ìdó-Àní, Òkèlúsè tàbí ní abà. Kókó rẹ̀ kò pọ̀: yàtọ̀ sí iyọ̀ oúnjẹ tí gbogbo wa lè dín kù, ẹ má fi kún èròjà kankan (bíi kálísíọ̀mù tàbí potásíọ̀mù) nínú ara yín, ẹ má sì dín in kù, àfi bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá ti fi hàn pé ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Kí ló ń ba ilẹ̀kùn ọkàn jẹ́?

Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló wà nínú ọkàn. Wọ́n ń ṣí, wọ́n ń tì, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa lọ síwájú láì padà sẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá le tí kò ṣí tán, ọkàn á máa ṣe làálàá kí ẹ̀jẹ̀ tó kọjá. Bí kò bá pa dé, ẹ̀jẹ̀ á máa jò padà. Ibẹ̀ ni mímí gúlegúle, àárẹ̀, ẹsẹ̀ wíwú àti àyà tó ń já ti ń wá.

Ohun méjì ló sábà ń fà á:

- Ọ̀nà ọ̀fun dídùn tí a kò tọ́jú. Kòkòrò Streptococcus ló ń fa irú èyí, pàápàá lára ọmọ ọdún 5 sí 15. Nígbà tí ara ọmọ bá ń bá kòkòrò náà jà, ó lè ṣèèṣì kọlu oríkèé ara àti ilẹ̀kùn ọkàn. Ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá kí àmì tó yọ. Nínú ìwádìí REMEDY, tí wọ́n ti yẹ aláìsàn 3,343 wò ní orílẹ̀-èdè 12 ní Áfíríkà, pẹ̀lú Íńdíà àti Yemen, ìdajì wọn kò ju ẹni ọdún 28 lọ, obìnrin sì tó ìdá méjì nínú mẹ́ta.
- Ọjọ́ orí. Lára àgbàlagbà, kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì máa ń gbára jọ sí ilẹ̀kùn náà títí yóò fi le bí egungun. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá àti àìsàn kíndìnrín máa ń jẹ́ kó yá.

Ṣé kí n fi wàrà àti ẹja sílẹ̀ nítorí kálísíọ̀mù?

Rárá. Bí a bá pín kálísíọ̀mù ara sí ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi 99 ló wà nínú egungun àti eyín. Ìwọ̀nba tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ ni kíndìnrín, fítámì D àti àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké mẹ́rin tó wà lọ́rùn jọ ń ṣọ́. Wàrà tàbí ẹja tí ẹ jẹ kò lọ tààrà sí ilẹ̀kùn ọkàn. Ibi tó ti gbọgbẹ́ lára ilẹ̀kùn ni kálísíọ̀mù ń dì sí.

Ibi tí wàhálà ti ń pọ̀ ni kíndìnrín. Bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, fọ́sífétì á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, fítámì D á dín kù, àwọn ẹṣẹ́ ọrùn á sì máa fa kálísíọ̀mù jáde láti inú egungun. Egungun ń di ẹlẹgẹ́, ilẹ̀kùn ọkàn ń le, lára ẹnì kan náà. Nítorí náà ni dókítà fi ń yẹ kíndìnrín wò fún ẹni tí ọkàn ń dà láàmú. Bí tiyín kò bá ṣe dáadáa, ẹ dín ọtí ẹlẹ́rìndòdò onírú kóólà àti ẹran inú agolo kù, nítorí fọ́sífétì pọ̀ nínú wọn.

Àwọn tó ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ àti lọ́jà máa ń sọ pé fítámì àwọn á fọ ọkàn mọ́. Wọ́n dán irú rẹ̀ wò ní Denmark: ọdún méjì ni ọkùnrin 365 fi wà nínú ìwádìí náà, wọ́n fún àwọn kan ní fítámì K2 àti D, àwọn yòókù kò gbà á. Èsì tó jáde ní 2022 ni pé kò dá líle ilẹ̀kùn ọkàn dúró. Àwọn dókítà ní Cleveland, Amẹ́ríkà, tún ṣàkíyèsí pé àgbàlagbà tí ilẹ̀kùn ọkàn wọn ti le, tí wọ́n sì ń lo oògùn kálísíọ̀mù, ń kú ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ìyẹn kò fi hàn dájú pé oògùn náà ló pa wọ́n, ṣùgbọ́n ó tó ìdí láti bi dókítà kí ẹ tó rà á.

Potásíọ̀mù: èyí tó ń yára fi ara hàn

Oògùn tó ń mú ni tọ̀, bíi furosemide, ń fa omi jáde kí ẹsẹ̀ wíwú lè lọ sílẹ̀, kí èémí sì rọrùn. Ó ń gbé potásíọ̀mù àti mágínísíọ̀mù lọ pẹ̀lú omi náà. Bí méjèèjì bá lọ sílẹ̀ jù, ẹsẹ̀ kò ní lágbára, iṣan á máa fà, ọkàn á máa lù ségesège. Ẹni tó ń lo oògùn ọkàn digoxin ló wà nínú ewu jù: èébì, àìfẹ́ jẹun àti rírí nǹkan ní àwọ̀ yẹ́lò lè jẹ́ àmì pé oògùn náà ti ń di májèlé.

Ní òdìkejì, àwọn oògùn bíi spironolactone àti lisinopril máa ń jẹ́ kí potásíọ̀mù pọ̀ lára, èyí náà sì léwu. Nítorí potásíọ̀mù inú wọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi àgbọn tó dára fún aládùúgbò yín lè má dára fún yín. Ohun tó yẹ kí àyẹ̀wò fi hàn ni 3.5 sí 5.0 mmol/L. Ẹ béèrè iye tiyín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Iyọ̀ àti káún

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan. Mágì, ẹja oníyọ̀ àti irú tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́ wà nínú ìṣirò yẹn. Káún tí a ń fi se ẹ̀wà àti ewédú náà ní sódíọ̀mù (èròjà inú iyọ̀) púpọ̀, bí kò tilẹ̀ dùn bí iyọ̀. Omi ló ń dá dúró sí ara. Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú, yóò tètè jinná láìsí káún. Ẹ jẹ́ kí ata, àlùbọ́sà àti efinrin fún ọbẹ̀ ní adùn. Iyán kò ní iyọ̀. Ọbẹ̀ tí a fi jẹ ẹ́ ni kí ẹ ṣọ́.

Bí ẹ bá ń lo warfarin

Warfarin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Fún ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun dídùn ti ba ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ jẹ́, tí ọkàn rẹ̀ sì ń lù ségesège, ìwádìí INVICTUS tó jáde ní 2022 fi hàn pé irú oògùn bíi warfarin ṣì ṣe é lóore ju oògùn mìíràn tó ń jẹ́ rivaroxaban lọ. Fítámì K inú ẹ̀fọ́ ń dín agbára warfarin kù, ṣùgbọ́n ẹ má pa ẹ̀fọ́ tì. Ìwọ̀n kan náà ni kí ẹ máa jẹ lọ́sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀. Ẹ má fi àgbo tàbí aspirin kún un láì sọ fún dókítà. Obìnrin tó fẹ́ lóyún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ṣáájú, nítorí warfarin lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá.

Kí ayé lè rọrùn

- Ẹ wọn ara yín ní àràárọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀. Bí ó bá fi kílò 2 lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ lọ rí dókítà.
- Ẹ ṣiṣẹ́ oko ní kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì sinmi kí ó tó rẹ̀ yín. Lásìkò ọdún Ìgógó, ẹ wá ibi tó ní ìbòòji jókòó sí.
- Bí wọ́n bá ní kí ọmọ máa gba abẹ́rẹ́ benzathine penicillin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin, ẹ má jẹ́ kí ọ̀kan fò.
- Ẹ fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ sọ fún dókítà eyín pé ilẹ̀kùn ọkàn yín ní àìsàn kó tó yọ eyín.
- Bí ìbànújẹ́ bá dorí yín kodò nítorí àìlera, ẹ sọ ọ́ nílé ìwòsàn. Ìtọ́jú wà fún ìyẹn náà.

Níbo ni kí ẹ lọ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tó súnmọ́ yín, tàbí Ilé Ìwòsàn Gbogboogbò ní Ìfọ́n. Wọ́n lè kọ ìwé rán yín lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ (FMC) ní Ọ̀wọ̀. Bí ó bá di iṣẹ́ abẹ, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ wà lára ibi tí a ti ń ṣe é. Ẹ béèrè ohun tí ètò adójútòfò ìlera yín yóò san níbẹ̀.

Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń gbé mì dání: oògùn, fítámì, àgbo, títí kan èyí tí ẹ rà nínú ọkọ̀. Ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: iye potásíọ̀mù mi, ipò kíndìnrín mi, àti ọjọ́ tí àyẹ̀wò mìíràn kàn.

Ẹ má dúró di ọ̀la bí èémí bá ń há yín lórí ìjókòó, bí ẹ bá dákú, bí àyà bá ń dùn yín, bí ẹnu bá wọ́ tàbí apá kan ara bá rọ, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá. Ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru.