Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìwé kan ló ń júwe òmíràn

Tẹ́ ẹ bá ń wá ìwé tó dùn ún kà, ẹ mú èyí tẹ́ ẹ ti gbádùn, kẹ́ ẹ wo ẹni tó tú u àti ìlú tó ti wá.

Ẹ wo Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938. Wọlé Ṣóyínká ló tú u sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Òun náà ló kọ Aké (1981), ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Ìjà àwọn obìnrin lórí owó orí wà níbẹ̀, ó sì dùn bí àlọ́.

Ọmọ Abẹ́òkúta náà ni Amos Tutùọlá. Òjíṣẹ́ ọ́fíìsì ni nígbà tó kọ The Palm-Wine Drinkard, tó jáde ní London ní 1952. Ẹ wá ibi tí arẹwà ọkùnrin kan ti ń dá ẹ̀yà ara tó háyà padà fáwọn tó ni ín, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi ku agbárí nìkan. (Ẹ má kà á fọ́mọdé lálẹ́ o!)

Tó bá wá kan ìtàn gidi, The History of the Yorubas ni tèmi. Àfọwọ́kọ Samuel Johnson sọnù, ó sì kú ní 1901; Obadiah àbúrò rẹ̀ ló tún un kọ, tó fi jáde ní 1921. Ìwé ńlá ni. Ẹ kọ́kọ́ ka ibi tó bá kan ìlú yín.