Ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran ni Yunifásítì Michigan ti rí owó kọ́ pápá ìṣeré ńlá

Oníṣòwò kékeré tó bá fẹ́ kí ọjà òun gbòòrò sábà máa ń bi ara rẹ̀ pé níbo ni owó yóò ti wá. Irú ìbéèrè yìí ló dojú kọ Fielding Yost, olùdarí eré ìdárayá ní Yunifásítì Michigan, nílùú Ann Arbor, l'Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Àwọn tó ń wá wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n máa ń fọwọ́ gbé sáré, ti pọ̀ ju ohun tí pápá wọn, Ferry Field, lè gbà lọ.

Ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran gan-an ni wọ́n ti wá owó. Ìwé ẹ̀yáwó 3,000 ni wọ́n tà, 500 dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èlé rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rà á ní ẹ̀tọ́ láti ra tíkẹ́ẹ̀tì sí ibi tó dáa jù. Ohun tó wu oníbàárà nìyẹn.

950,000 dọ́là ni iṣẹ́ náà jẹ. Ní October 1, 1927, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ níbẹ̀. Èrò tó ju 100,000 ló wà lọ́kàn Yost, àmọ́ ti 72,000 ni wọ́n kọ́, wọ́n wá ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ́nà tí wọ́n fi lè fẹ̀ ẹ́ sí i lọ́jọ́ iwájú. Ọgbọ́n ńlá ni, nítorí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé ní 1929. Ká ní wọ́n ti kọ́ ọ tán lẹ́ẹ̀kan náà ni, gbèsè ọrùn wọn ìbá wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní 1949, pápá náà gba 97,239. Ní 1956, ó di 101,001. Nígbà tó di 1998, ó ti di 107,501. Àtúnṣe tí wọ́n parí ní 2010 ná wọn ní mílíọ̀nù 226 dọ́là, wọ́n sì fi yàrá àdáni àwọn olówó kún un. Wọ́n ti rí i pé kì í ṣe iye èrò nìkan ló ń mówó wọlé. Iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń ta búrẹ́dì tàbí tó ń ránṣọ. Oníbàárà tó fẹ́ràn ọjà ẹni lè yáni lówó, bó bá rí àǹfààní tirẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè lowó náà, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí yóò dá a padà.