Oògùn Àléjì Tí A Lò Lálẹ́ àti Oorun Ọjọ́ Kejì

Bí ọyẹ́ bá ti dé sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, eruku a bo ojú ọ̀nà láti Ìbarà dé Ìtòkú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sín, ojú a máa yún wọn, imú wọn a sì máa dà. Àléjì ni èyí. Ara ka eruku sí ọ̀tá, ó sì tú èròjà kan tí ń jẹ́ histamine sílẹ̀. Èròjà yìí ló ń fa yíyún àti ọ̀fìnkìn.

Oògùn tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ fún un ni Piriton, tí èròjà inú rẹ̀ ń jẹ́ chlorpheniramine. Ó ń dí histamine lọ́wọ́, ara a sì rọni. Ṣùgbọ́n ó ń wọ inú ọpọlọ pẹ̀lú, níbi tí histamine ti ń mú kí ojú wa dá. Ìdí nìyí tí oorun fi ń kun ẹni tó bá lò ó.

Àwọn kan gbà pé bí a bá lò ó lálẹ́, oorun rẹ̀ yóò ti tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Lára àgbàlagbà, ó lè gba nǹkan bí wákàtí 20 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó lò ó ní aago 10 alẹ́ ṣì lè ní púpọ̀ lára rẹ̀ ní aago 6 òwúrọ̀. Ó lè máà tòògbé, síbẹ̀ kí ọwọ́ àti ojú rẹ̀ má yá tó bó ṣe yẹ. Ewu ńlá ni èyí fún ọlọ́kadà, fún awakọ̀ tó ń lọ sí Èkó àti fún ẹni tó ń lo ẹ̀rọ níbi ìfọ́kúta.

Òwúrọ̀ ni sísín máa ń le jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí náà oògùn alẹ́ ní àǹfààní tirẹ̀. Ẹ bi apoògùn nípa loratadine tàbí cetirizine. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni àgbàlagbà sábà máa ń lò wọ́n, wọn kì í sì í wọ ọpọlọ púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé cetirizine ṣì lè kun àwọn kan lóorun.

Ẹ má ṣe fi ọtí pọ̀ mọ́ oògùn wọ̀nyí. Ẹ yẹ ara páálí oògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn wò, nítorí chlorpheniramine wà nínú púpọ̀ wọn. Ẹ má baà lò ó ní ìlọ́po méjì. Ẹ má fi í mú ọmọdé sùn. Kí àgbàlagbà tí ìtọ̀ ń ṣòro fún kọ́kọ́ rí dókítà. Bí mímí bá ń nira, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn.