Ẹ̀rọ Tí Ń Sọ Àpilẹ̀kọ Gígùn ní Ṣókí

Olùkọ́ tí ó bá ti ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ àpilẹ̀kọ gígùn ní ṣókí rí yóò mọ̀ pé iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ẹni tí kò lóye ọ̀rọ̀ kò lè mọ èyí tí yóò mú àti èyí tí yóò fi sílẹ̀. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé iṣẹ́ yìí fún. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ń ṣe é.

Oríṣi méjì ni ẹ̀rọ wọ̀nyí. Oríṣi kìíní a máa ṣa gbólóhùn jáde láti inú àpilẹ̀kọ gan-an. Hans Peter Luhn, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ọ̀nà yìí ní 1958. Kọ̀ǹpútà yóò ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ yọ, yóò pa àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí a ń bá pàdé níbi gbogbo tì, yóò sì mú gbólóhùn tí àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì bá ti pọ̀ tí wọ́n sì sún mọ́ra. Oríṣi kejì, irú bíi ChatGPT tí ó jáde ní 2022, a máa fi gbólóhùn tuntun tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Ti ìkejì yìí dùn-ún kà, kò sì sí ẹni tí yóò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n inú adùn yẹn ni ewu wà, nítorí ó lè fi ohun tí òǹkọ̀wé kò sọ kún un, kí òǹkàwé má sì fura. Ti ìkíní kò lè purọ́ báyìí. Àléébù tirẹ̀ ni pé ó lè mú ‘Ó kọ̀ fún un’ wá, kí ó fi gbólóhùn tí ó ṣáájú sílẹ̀. Ta ni ó kọ̀? Ọkùnrin ni, àbí obìnrin? ‘Ó’ tiwa kò sọ. Síbẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni òǹkàwé yóò rí àlàfo náà.

Ní ti èdè Yorùbá, ìṣòro mìíràn tún wà. Bí a kò bá fi àmì sí ọ̀rọ̀, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti oko di ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lójú ẹ̀rọ tí ń kà á. Ìṣirò Luhn dàrú nìyẹn. Àpẹẹrẹ ni oríṣi kejì fi ń kọ́ṣẹ́, àpẹẹrẹ tiwa kò sì pọ̀. Nínú àkójọ XL-Sum ti 2021, tí a ṣe láti inú ìròyìn BBC, ti Gẹ̀ẹ́sì ju 300,000 lọ. Ti Yorùbá kò tó 8,000. Ìròyìn nìkan sì ni. Kò sí oríkì, kò sí àròfọ̀ níbẹ̀.

Ní tèmi, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá àpilẹ̀kọ kan yẹ ní kíkà lè lo oríṣi kejì. Bí ó bá fẹ́ fa ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé yọ, oríṣi kìíní ni kí ó mú, kí ó sì ṣí ìwé náà wo gbólóhùn tí ó ṣáájú.