Àgékù Òfì Kì í Ṣe Àkísà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, pàápàá ẹ̀yin télọ̀ àti aláṣọ òfì, ẹ gbọ́ ná. Àgékù òfì tí ẹ ń dà nù lẹ́yìn tí ẹ bá gé agbádá tàbí fìlà tán, owó ni o. Àwọn kan ti ń tò ó pọ̀ báyìí, etù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàárì. Wọn a tẹ́ òwú sínú rẹ̀, wọn a rán an já ẹ̀yìn, ó di aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì. Kúìtì ni Òyìnbó ń pè é. Ṣebí òfì fúnra rẹ̀, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ bí ínṣì 4 ni a ń rán pọ̀ kó tó di aṣọ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ní èèwọ̀. Etí òfì tí a gé máa ń tú. Ẹ ká a, kí ẹ rán an, kí ẹ tó so ó pọ̀. Etù tuntun a máa ṣí aró sára aṣọ funfun. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kan ṣáìnṣáìn, yóò yọ́.

Kíkọ́ ló kù. Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì (abẹ́ Kwara wa níbí ni ìlú náà wà kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991), dá ilé ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní àdìrẹ àti iṣẹ́ ọnà míràn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa ò lágbára ọ̀fẹ́. Ohun tí a fẹ́ ni kí ẹgbẹ́ yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó abẹ́rẹ́ àti òwú, ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú wa. Àwọn àgbà kan ní àwọn ahunṣọ ni kí a yá lówó. Ọ̀rọ̀ wọn ò ṣé kó dànù, òwú ti wọ́n. Àmọ́ bí wọ́n bá hun ún tán tí a ń da díẹ̀ sí ààtàn, òwú ọ̀wọ́n yẹn náà là ń sun.

Ẹ kó àgékù yín wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ibẹ̀ la ó ti dìbò.