Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé kọ̀ǹpútà yín ti yadi ni?

Fídíò ń lọ, ẹnu olórin ń mì, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé sípíkà ló bàjẹ́ ni? Ẹ má tíì náwó o. Bó bá jẹ́ Linux lẹ ń lò, ẹ ṣí tẹ́mínà, níbi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ títẹ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà.

1. Ẹ tẹ èyí, kí ẹ wá tẹ Enter:

speaker-test -c 2 -t wav

Ẹ ó gbọ́ "Front Left" lápá òsì, "Front Right" lápá ọ̀tún. Kò ní sinmi o! Ctrl pẹ̀lú C lẹ ó fi pa á lẹ́nu mọ́. Tó bá sọ̀rọ̀, sípíkà ò lẹ́bi. Ẹ lọ yẹ bùráúsà yín wò.

2. Kò fọhùn? Ẹ tẹ aplay -l. Yóò to àwọn káàdì ohùn tó rí sílẹ̀. Bí kò bá rí ìkankan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rọ̀ dúráífà, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Linux lè lo káàdì ohùn.

3. Ó rí káàdì, síbẹ̀ kò fọhùn? Ẹ tẹ alsamixer. Ibí gan-an ni wàhálà sábà máa ń wà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ọ̀pá Master, Speaker àti Headphone: MM túmọ̀ sí pé wọ́n ti dí i lẹ́nu, OO, ó ṣí sílẹ̀. Ẹ fi bọ́tìnnì M ṣí i, kí ẹ fi ọfà òkè gbé ohùn sókè. (Odindi ọ̀sán kan ni mo fi wá okùn sípíkà kiri, MM ló ń wò mí!)

Ta lẹ mọ̀ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ dákẹ́? Ẹ fi ránṣẹ́ sí i.