Orúkọ Ẹnì Kan Ló Wà nínú Ìwé Àṣẹ: Bí Ìdílé Ọmọ Ogun Amẹ́ríkà Ṣe Ń Ṣílọ pẹ̀lú Ọmọ Wẹ́wẹ́ àti Ajá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ bá mu, nítorí pé ilé tí wọn ì bá padà sí kì í jẹ́ tiwọn mọ́ ní kété tí wọ́n bá ti gbéra, ilé mìíràn tí wọn kò fi ojú kàn rí ni wọ́n sì ń lọ bá. Ìdílé àwọn ọmọ ogun ni mo ń wí. Láàárín ọdún méjì sí mẹ́rin, àṣẹ a dé láti òkè pé kí ọmọ ogun kúrò ní bárékè tí ó wà, kí ó sì lọ jẹ́ ìpè ní ibòmíràn, ìbáà ṣe ní ìpínlẹ̀ kejì, ìbáà ṣe ní Jámánì tàbí Japan, ìbáà sì ṣe ní Alaska ní ìkangun àríwá, níbi tí òtútù ti ń sé odò ńlá pa. PCS ni àwọn ọmọ ogun ń pe irú ìṣílọ bẹ́ẹ̀, láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ, nígbà tí ilé ìwé bá ti wà ní ìsinmi, ni ó sì máa ń pọ̀ jù.

Ọmọ ogun ni ó na ọwọ́ sókè tí ó búra. Ìyàwó rẹ̀, tàbí ọkọ rẹ̀ bí ó bá jẹ́ obìnrin ni ọmọ ogun náà, kò búra. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ọ̀rẹ́ ní jẹ́léósinmi kò búra. Ìkókó tí ń rákò kò búra. Ajá tí ó dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà kò tilẹ̀ mọ ohun tí ń jẹ́ ìjọba. Síbẹ̀, ibi tí orí bá ń rè ni ẹsẹ̀ ń sìn ín lọ, gbogbo wọn pátá ni yóò sì gbéra. Ohun tí mo fẹ́ kí olùkàwé bá mi yẹ̀ wò ni pé ọ̀nà tí ìjọba ń gbà ka àwọn tí kò búra wọ̀nyí mọ́ ìṣílọ náà, tàbí tí ó ń gbà fò wọ́n dá, ni ó ń sọ bí ẹrù rẹ̀ yóò ti wúwo tó ní èjìká àwọn òbí.

Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ kan gbilẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà pé, ká ní ìjọba fẹ́ kí ọmọ ogun ní aya ni, wọn ì bá ti fi aya kún bàtà, aṣọ àti ìbọn tí wọ́n kó fún un lọ́jọ́ tí ó wọṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó le ni, ayé sì ti kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lónìí, ìjọba a máa gba àwọn akẹ́rù láti wá di ẹrù ilé, kí wọ́n sì gbé e dé ibi tí ọmọ ogun ń lọ, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti kọjá ìwọ̀n tí ó tọ́ sí ipò rẹ̀: ọmọ ogun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá tí ó sì ní ìdílé ní ẹ̀tọ́ sí ìwọ̀n pọ́ùn 8,000, ọ̀gágun àgbà sì ní ẹ̀tọ́ sí 18,000. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá lé, àpò ara rẹ̀ ni yóò ti san èyí tí ó lé. Ohun tí ó ń jọ mí lójú nínú ètò yìí ni pé, bí ọmọ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, bí wọ́n sì jẹ́ mẹ́fà, ìwọ̀n kan náà ni. Ibùsùn kan àti ibùsùn mẹ́fà, òfin kan náà ni ó jọba lé wọn lórí. Ti owó oúnjẹ àti ilé ìsùn lójú ọ̀nà náà tún wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti pé ọdún 12 a máa gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí ọmọ ogun ń gbà, èyí tí kò bá tíì pé a sì gba ìdajì. Bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé ọmọ ọdún méjì rin ọ̀nà jíjìn rí mọ̀ dájú pé ọmọ ọdún méjì kì í ṣe ìdajì arìnrìn-àjò, nítorí òun ni ó ń sọ ìgbà tí ọkọ̀ yóò dúró àti ìgbà tí ọkọ̀ yóò gbéra.

Ní ti ajá, ó pẹ́ kí ìwé òfin tó rántí rẹ̀. Fún ọdún pípẹ́, ohun tí ìjọba ń san nítorí ẹran ọ̀sìn kò ju owó àhámọ́ ní àwọn ilẹ̀ tí ó ń sé ẹranko àlejò mọ́lé lọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 ni wọ́n tó gbà láti máa dá owó ìrìn ajá kan tàbí ológbò kan padà fún ìdílé, tí kò gbọdọ̀ ju 550 dọ́là bí ìṣílọ náà bá wà láàárín àwọn ìpínlẹ̀ 48 tí ó so kọ́ra, tàbí 2,000 dọ́là bí ó bá kọjá ibẹ̀. Ẹyọ kan péré. Ẹni tí ó bá ní méjì mọ bí yóò ti ṣe èkejì.

Olùkàwé tiwa lè béèrè pé, kí ni ti ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là lórí ajá? Ajá ọdẹ àti ajá ìṣọ́ ni a mọ̀ jù nílẹ̀ yìí, àti ajá tí Ògún Lákáayé ń gbà lọ́wọ́ àwọn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ara wa sí ipò ọmọdé tí bàbá rẹ̀ lọ sí ojú ogun fún oṣù mẹ́sàn-án gbáko, tí ajá sì ń sùn sí ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀ lálaalẹ́ ní gbogbo ìgbà náà. Olùkọ́ yí padà, ọ̀rẹ́ yí padà, yàrá yí padà, àní ojú ọjọ́ pàápàá yí padà. Ajá nìkan ni kò yí padà. Láti wá sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kí ó fi ajá náà sílẹ̀ fún aládùúgbò nítorí pé owó ọkọ̀ rẹ̀ wọ́n, ohun tí ó burú ni lójú tèmi, inú mi sì dùn pé òfin ti fi ojú àánú wò ó, bí ó tilẹ̀ pẹ́ kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Owó nìkan kọ́ ni ìṣòro ajá. Dìgbòlugi ni ìṣòro gan-an, àìsàn burúkú tí kò sí ní Hawaii, tí kò sì sí ní Japan, tí àwọn méjèèjì sì ń fi ọwọ́ líle ṣọ́nà nítorí rẹ̀. Kí ajá tó lè wọ Hawaii láìsí àhámọ́ gígùn, ó gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi lẹ́ẹ̀mejì, kí a ti ki èròjà kékeré kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, bọ abẹ́ awọ rẹ̀, kí a sì ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láti rí i pé àjẹsára náà ṣiṣẹ́; lẹ́yìn èyí ni ìdúró ọgbọ̀n ọjọ́, ó kéré tán. Ajá tí kò bá pé àwọn ìlànà wọ̀nyí lè wà ní àhámọ́ fún 120 ọjọ́. Ti Japan tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé 180 ọjọ́ ni wọ́n ń kà lẹ́yìn tí a bá ti gba ẹ̀jẹ̀ kí ajá tó lè wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà fi ń sọ pé ẹni tí ó bá ń retí àṣẹ kí ó tó gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ti pẹ́ jù.

Nínú gbogbo ọ̀nà tí àwọn ìdílé wọ̀nyí ń tọ̀, kò sí èyí tí ó tó ọ̀nà Alaska, mo sì fẹ́ kí a dúró lé e lórí díẹ̀. Ìdílé tí ó bá gbéra láti bárékè kan ní North Carolina lọ sí Fort Wainwright, ní ìlú Fairbanks, yóò wa ọkọ̀ fún ohun tí ó lé ní 4,000 máìlì. Bí ènìyàn bá fò láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, kò tíì rìn tó bẹ́ẹ̀. Máìlì 350 ni ìjọba ń kà sí iṣẹ́ ọjọ́ kan, nítorí náà nǹkan bí ọjọ́ méjìlá ni ìwé yóò fún wọn. Wọn a la Amẹ́ríkà kọjá, wọn a wọ Kánádà, wọn a sì dé Dawson Creek, níbi tí òpópónà Alaska ti bẹ̀rẹ̀, òpópónà tí ó na nǹkan bí 1,387 máìlì gba inú igbó, òkè àti adágún títí dé Delta Junction.

Àwọn ọmọ ogun ni wọ́n la ọ̀nà náà. Lẹ́yìn tí Japan ti kọlu Pearl Harbor ní oṣù kejìlá ọdún 1941, ẹ̀rù ba Amẹ́ríkà pé ọ̀tá lè gba Alaska wọlé, nítorí kò sí ọ̀nà orí ilẹ̀ kankan tí a lè gbà ran ibẹ̀ lọ́wọ́. Láti oṣù kẹta ọdún 1942, àwọn ọmọ ogun tí ó lé ní 10,000 bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi, wọ́n ń tẹ́ afárá lórí ẹrẹ̀, títí wọ́n fi la ọ̀nà náà já láàárín oṣù mẹ́jọ. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ọmọ àwọn ẹni tí a kó ní ẹrú kọjá òkun, ọ̀pọ̀ wọn sì wá láti gúúsù níbi tí ooru ti ń mú. Lọ́tọ̀ ni a tò wọ́n sí nínú àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun tiwọn, nítorí pé ọdún 1948 ni Ààrẹ Truman tó pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1942, nínú igbó kan lẹ́bàá Beaver Creek, Refines Sims, ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí ó ń wa katakata bọ̀ láti àríwá, pàdé Alfred Jalufka, aláwọ̀ funfun tí ó ń bọ̀ láti gúúsù, ọ̀nà sì so pọ̀. Ọ̀nà tí a fi òógùn irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ là ni àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń sùn kọjá lónìí lórí àga ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n wọn kì í sùn jálẹ̀ ọ̀nà náà. Ní Watson Lake, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ogun kan tí ń jẹ́ Carl Lindley, tí àárò ilé ń sọ, kan pátákó orúkọ ìlú rẹ̀, tí ó wà ní Illinois, mọ́ òpó ní ọdún 1942. Àwọn ẹlòmíràn kan tiwọn tẹ̀ lé e, tó bẹ́ẹ̀ tí pátákó ìlú ayé gbogbo tí ó wà níbẹ̀ fi lé ní 80,000 báyìí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ọmọ ogun a dúró níbẹ̀ kí ọmọ lè kan pátákó ìlú tí ó ń fi sílẹ̀. Ní Liard River, omi gbígbóná ń sun láti inú ilẹ̀, ènìyàn sì lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Láàárín ibi wọ̀nyí, ilé epo jìnnà síra, tẹlifóònù kì í gbé ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹfọ̀n àti béárì sì ń jẹ̀ létí títì; ajá tí kò bá ní okùn lọ́rùn lè sá tẹ̀ lé òórùn wọn, tí a kò ní rí i mọ́. Ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ní ẹnubodè Kánádà, fọ́ọ̀mù ti ajá sì gbọ́dọ̀ wà fún ìgbà tí wọ́n bá tún ń wọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní òdìkejì.

Ohun tí ó ń ba ìrìn-àjò jẹ́ fún ọmọdé, ilé ni ó ti sábà ń bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ tí àwọn akẹ́rù bá dé. Wọ́n yára, ohun tí ó bá sì wà ní arọ́wọ́tó wọn ni wọ́n ń dì, àní agbọ̀n ìdọ̀tí pẹ̀lú ìdọ̀tí inú rẹ̀. Nítorí náà ni òbí tí ó gbọ́n fi ń ya yàrá kan sọ́tọ̀, tí a tì, tí a lẹ ìwé mọ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé: ibẹ̀ ni ìwé ìbí, ìwé ìrìnnà, ìwé àṣẹ, oògùn, oúnjẹ ajá, àti ọmọláńgidi tí ọmọ kò lè sùn láìsí yóò wà. Kí wọ́n má fọ aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ajá náà, nítorí òórùn ilé àtijọ́ ni yóò fi mọ̀ pé ilé tuntun kì í ṣe ilé àlejò. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, ó dára kí ajá àti ọmọ wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, nítorí ìlẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ni ọ̀pọ̀ ajá ń gbà jáde tí wọ́n fi ń sọnù.

Ọmọ Yorùbá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí iṣẹ́ ogun Amẹ́ríkà ṣí ètò kan sílẹ̀ ní ọdún 2009 láti gba àwọn àjèjì tí ó gbọ́ èdè tí wọ́n nílò, Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò wà lára àwọn èdè náà. Títí di 2016 ni ètò yẹn fi ń gba ènìyàn, àwọn tí ó ní ìwé ìgbélùú náà sì ń wọṣẹ́ títí di òní. Ìdílé tiwọn tún ní ìṣòro kan tí ó ju ti àwọn onílẹ̀ lọ. Ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí ì bá gba ọmọ pọ̀n nígbà tí wọ́n bá ń di ẹrù wà ní Òṣogbo tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, físà kò sì rọrùn.

Ní ti ilé ìwé, ọmọ inú ìdílé wọ̀nyí a máa pààrọ̀ ilé ìwé nígbà mẹ́fà sí mẹ́sàn-án kí ó tó jáde ilé ìwé girama. Gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn kan báyìí pé kí ilé ìwé tuntun gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kíákíá, kí ó má ṣe dá a padà sí kíláàsì tí ó ti kọjá nítorí ìwé tí kò tíì dé. Ìlànà tí ó dára ni, àmọ́ òbí ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, kí ó sì sọ ọ́ jáde ní ọ́fíìsì ilé ìwé.

Ní ti ilé tuntun, ọ̀pọ̀ bárékè kì í gba irú àwọn ajá kan bí Rottweiler àti Doberman sínú ilé wọn, ajá méjì sì ni òpin ní ọ̀pọ̀ ibi. Kí ìdílé tó gbéra ni kí wọ́n ti wádìí èyí. Kí wọ́n sì yí nọ́ńbà tẹlifóònù tí wọ́n fi orúkọ ajá sílẹ̀ sí padà, nítorí èròjà abẹ́ awọ rẹ̀ kò wúlò bí ó bá ń tọ́ka sí ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Ẹrù ilé kì í sábà bá onílé dé lọ́jọ́ kan náà. Ìdílé a máa sùn lórí ibùsùn tí wọ́n yá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹrù bá dé tí nǹkan fọ́ tàbí tí ó sọnù, 180 ọjọ́ ni wọ́n ní láti fi tó àwọn akẹ́rù létí.

Ètò kan wà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun fi ń yan ẹni tí yóò gba ọmọ ogun tí ń bọ̀ ní àlejò, mo sì rò pé òun ni ó níye lórí jù nínú gbogbo ohun tí ìjọba ṣe. Bí ìdílé bá ní ọmọ kéékèèké àti ajá, kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ tààrà pé ẹni tí òun náà ní ọmọ àti ajá ni kí wọ́n yàn fún wọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò sọ fún wọn ní Fairbanks pé kí wọ́n wá ẹ̀rọ tí ń mú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ gbóná, èyí tí a ń fi okùn iná so mọ́ ògiri, kí wọ́n ra bàtà òtútù fún ọmọ àti fún ajá, kí wọ́n sì mọ dókítà ẹran tí ó ń ṣí ní òru, kí oṣù kẹwàá tó dé tí yìnyín yóò ti bo ilẹ̀.